Ìdánwò Begimai Lórí Tábìlì Mi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ ilé ìwé ní Tamsett, níhìn-ín ní Iowa, kò sì sí ọmọ tó dìde nínú bọ́ọ̀sì mi tí mo ní kó jókòó tí kò jókòó. Mi ò fi yangàn o. Mò ń sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú wa wá bẹ̀ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, pé kí èmi Ardith Kessler àti Wendell ọkọ mi gba ọ̀kan mọ́ra nínú àwọn ọmọ òkè òkun wọn. Kì í ṣe kó máa sùn nílé wa, inú ọgbà wọn ló ń sùn. Ó kàn máa wá jẹun lọ́jọ́ Sunday, yóò fọ aṣọ nínú ẹ̀rọ wa, yóò sì ní ẹni tó lè pè bí inú bá ń run ún. Mo ní kí wọ́n mú un wá.

Ẹni tí wọ́n mú wá ni Begimai, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún láti Kyrgyzstan, láti abúlé kan láàárín òkè tí mi ò tíì lè pe orúkọ rẹ̀ délẹ̀ títí dòní. Ó kéré lójú, àmọ́ abẹ́rẹ́ náà kéré, adìẹ kan ò sì lè gbé e mì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ni a ti jà lórí orúkọ. Níbí, orúkọ ni kálukú ń pe ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà á pè mí ní Ardith, mi ò ní bínú. Begimai ní ẹnu òun ò gbà á.

"Ẹ dàgbà ju ìyá mi lọ, mà. Báwo ni màá ṣe máa pè yín lórúkọ?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo dàgbà tó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ti dàgbà, mà," ló wí, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wendell ló rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di Màmá, èmi tí mi ò bí ọmọ kankan.

Bó ṣe ń kàwé ló tún yà mí lẹ́nu. Kì í jókòó kàwé. Gáréèjì ló ń lọ, á máa yí ọkọ̀ Wendell po, á máa ka ìwé sókè ketekete. Tó bá ka ojú ewé kan tán, á pa ìwé dé, á sì tún gbogbo rẹ̀ kà láìwo nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni ìyá náà ní abúlé wọn, ìgbà míì sì wà tó jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì ní. Ọmọ tí ìwé bá kàn lónìí gbọ́dọ̀ kó o sórí kó tó di ọ̀la, torí ẹlòmíì ló kàn lọ́la. Wendell ní ọkọ̀ òun máa gboyè kọ́lẹ́ẹ̀jì kí òun tó gbà á.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó fa wàhálà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kì í ṣọ́ ọmọ nínú ìdánwò. Wọ́n á fi ìbéèrè sínú àpòòwé, wọ́n á fà á lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, yóò gbé e lọ síbi tó wù ú, yóò ṣe é ní wákàtí mẹ́ta, yóò wá kọ ọ́ sókè ìwé pé òun fi ọlá òun búra pé òun ò ṣí ìwé wò, òun ò gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi í yangàn fún gbogbo òbí tó bá wá wo ọgbà wọn. Èmi ò mọ̀ nípa ẹ̀ nígbà yẹn. Mi ò lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀yìn ọgbà wọn ni mo máa ń wa bọ́ọ̀sì gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Tuesday kan nínú oṣù Kejìlá, Begimai wọlé dé, yìnyín ń bọ́ lórí fìlà rẹ̀, ó fi àpòòwé mọ́ àyà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ráyè fún wákàtí mẹ́ta?"

"Kí la fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ ṣe ìdánwò. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ mi."

"Kí n ṣọ́ ẹ kẹ̀? Olùkọ́ ẹ dà?"

"Ó lọ sílé rẹ̀," ló wí, bí ẹni ń sọ pé ọkùnrin náà gbàgbé láti wọ ṣòkòtò wá síbi iṣẹ́.

Kí n tó dáhùn, ó ti ń yí àpò aṣọ rẹ̀ síta kí n wò ó. Ó gbé báàgì rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ Wendell, ó tì í mọ́bẹ̀, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Ó fi fóònù rẹ̀ sínú páànù búrẹ́dì mi, ó dé e. Ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó fi apá méjèèjì hàn mí. Mo bi í bóyá mo gbọ́dọ̀ wo inú bàtà náà, mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó sì bọ́ bàtà. Ó jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná mi, ni mo bá fa àga jókòó níwájú rẹ̀, mo gbé èso ápù tí mo fẹ́ fi ṣe páì sórí itan, mo ń bó o, mo ń wò ó. Wendell yọjú pé òun fẹ́ bu kọfí, mo fi ọ̀bẹ júwe ẹnu ọ̀nà fún un. Wákàtí mẹ́ta gbáko, ọmọ yìí ò gbójú sókè. Ó kàn ń kọ ọ́ lọ ni. Nígbà tó parí, ó dì í, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bíi pé mo gbé e gun òkè, ó sì jókòó jẹ páì. Mo rò pé bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ọjọ́ kẹta tí wọ́n wọlé padà, lẹ́tà dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindahl, tó ń kọ́ wọn ní ìtàn àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa, fẹ̀sùn kàn án pé ó ṣí ìwé wò nínú ìdánwò. Ojú ewé mẹ́rin tó kọ bá ti inú ìwé mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kódà, ibì kan wà tí àwọn atẹ̀wé ti tẹ ọdún ṣì, wọ́n fi 1943 síbi tó yẹ kí 1934 wà, bó ṣe wà nínú ìwé ni òun náà gbé e kalẹ̀.

"Ṣé o ò rí i pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì ni?" Mo bi í.

"Mo rí i, mà. Ṣé èmi ni mo ni ìwé, tí màá fi tún un ṣe?"

Mo fẹ́ kígbe, mo gbé e mì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, wọn ò sì mọ eré. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á lé e fún ọdún kan. Ọmọ Iowa tí wọ́n bá lé fún ọdún kan á lọ bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ lóko, á padà wá gba ìwé ẹ̀rí. Ọmọ òkè òkun tí wọ́n bá lé, físà rẹ̀ ti kú nìyẹn, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ló ní láti fi kó ẹrù.

"Kì í ṣe ilé ni mò ń bẹ̀rù," Begimai wí. "Mo fẹ́ràn ilé. Àmọ́ tí mo bá délé báyìí, olè ni mo dé. Ìyá mi ló kọ́ gbogbo ọmọ abúlé wa níwèé, Màmá. Ṣé wọn ò ní bi í pé kí ló kọ́ ọmọ tiẹ̀?"

Inú mi bà jẹ́, inú sì bí mi, èyí tó bí mi ló pọ̀ jù. "Kí ló wá le níbẹ̀? Ṣebí mo wà níbẹ̀? Màá lọ sọ fún wọn pé ìṣojú mi ló ti ṣe é."

Ó mi orí, ó mú ìwé òfin wọn jáde, ó fi ìka síbì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wà ní òun nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ti rú òfin nìyẹn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìwọ, ṣé o ò ka èyí kó o tó gbé ìdánwò wá síbí ni?"

"Mo kà á. Mo mọ̀ ọ́n sórí."

"O mọ̀ ọ́n sórí, o wá ní kí n jókòó tì ẹ́?"

"Màmá, aṣọ́ni kì í ṣe èèyàn. Nílé ìwé wa, bí ògiri ló ṣe wà. Tí wọ́n bá ní kó o wà ní ìwọ nìkan, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó má sí ẹni tó máa ràn ẹ́ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rò pé kò ní sí ẹni tó máa ṣọ́ ẹ."

Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi wa bọ́ọ̀sì, oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n pè mí, kò sí ẹni tó pè mí ní ògiri rí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà yé mi. Tí mo bá dákẹ́, ó jí ìwé wò. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó rú òfin. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ní ni ẹni tí kò yẹ kó wà níbẹ̀.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," Wendell wí látinú àga rẹ̀, òun tí kì í sọ̀rọ̀ mẹ́wàá lójúmọ́.

Begimai ò gbà. Ó ní òun máa kà á létí wọn. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé òun mọ̀ ọ́n sórí, ẹjọ́ parí. Ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ bí alátìlẹyìn, torí òfin wọn gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ẹnì kan dání, àmọ́ alátìlẹyìn kì í sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ṣèlérí pé mi ò ní lanu. Mo ṣèlérí. Ẹ̀yin náà ti rí i pé ẹnu mi ò gba irú ìlérí bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Thursday, a gun òkè ilé ìkàwé wọn lọ. Wọ́n yí tábìlì gígùn kan ká, àwọn méje, gbogbo wọn ló de táì tàbí wọ aṣọ ìsìn. Ta ni mo bá lórí àga alága? Tobin Raines, ọmọ ẹni tó ń tún tírákítọ̀ ṣe lẹ́bàá ojú irin. Ọdún méjìlá ni mo fi gbé e lọ sílé ìwé. Ẹ̀yìn mi gan-an ni mo máa ń fi í jókòó sí, torí ó máa ń bì. Ó rí mi, etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Lindahl gbé ìwé sápá òsì, ó gbé iṣẹ́ Begimai sápá ọ̀tún, ó ní kí wọ́n wò ó. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ojú rẹ̀ wú bíi ti ẹni tí kò sùn. Ó ní ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tí òun ti ń kọ́ni, òun ò rí ẹni tó lè ṣe irú èyí láìṣí ìwé rí.

Tobin bi Begimai pé kí ló ní í sọ.

"Mo mọ ìwé náà sórí," ó wí. "Ẹ ṣí i níbi tó wù yín."

Wọ́n wo ara wọn. Tobin ṣí ìwé, ó ka ìlà kan ààbọ̀, ó dákẹ́. Begimai gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó ní ọ̀dá dé, eruku dìde, àwọn àgbẹ̀ Oklahoma di ẹrù wọn sórí ọkọ̀, ó ń kà á lọ láìkọsẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ gbàgbé láti kọ ọ́. Tobin ṣí ibòmíì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo ti ń wá báàgì mi ká lè máa lọ sílé.

Lindahl ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Begimai, ó yà mí lẹ́nu. Mo gbà pé o mọ̀ ọ́n lónìí. Àmọ́ lẹ́tà ti tó ọ lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ìdánwò?"

Ohun tó sọ mọ́gbọ́n wá, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Begimai ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rí i pé àwọn méjèèje ti ń gbójú sílẹ̀, mo sì mọ ìtumọ̀ ẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ṣe máa ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n bá ti pinnu lórí ẹnì kan.

Mo dìde.

"Mà," Tobin wí, ó dìde pẹ̀lú mi, "òfin wa ni pé alátìlẹyìn kì í..."

"Tobin, jókòó."

Ó jókòó. Ara rẹ̀ ló gbọ́ mi kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: báàgì nínú ọkọ̀, fóònù nínú páànù búrẹ́dì, bàtà tó bọ́, èso ápù mẹ́rìnlá tí mo bó láìgbójú kúrò lára ọmọ náà. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ kí n fọwọ́ lé Bíbélì, kí wọ́n gbé e wá. Begimai ti fi ọwọ́ bo ojú.

Ọmọkùnrin kan tó de táì aláwọ̀ ewé ló wá sọ ọ́. "Ìyẹn ni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Òfin mìíràn nìyẹn tó rú."

"Kí ló dé tó o fi pè wọ́n?" Tobin bi Begimai. Kò bi í bí adájọ́, ó fẹ́ mọ̀ ni. "Níbí, a kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni. A gbẹ́kẹ̀ lé ara wa. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó o wá ẹlẹ́rìí."

Begimai ṣí ojú rẹ̀. Ó wo ìwé tó wà ní ṣíṣí lápá òsì, ó wo iṣẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wo àwọn méjèèje tó jókòó yí i ká.

"Ṣé bí ẹ ṣe gbẹ́kẹ̀ lé mi rèé?" ó wí.

Kò pariwo. Lindahl bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, àmọ́ lọ́jọ́ náà, mo rí i lójú wọn pé gbogbo wọn rà á.

Wọ́n ní ká jáde. Ogójì ìṣẹ́jú la fi jókòó lórí àga onígi. Mo tọrọ àforíjì pé mi ò mú ìlérí mi ṣẹ. Ó ní òun ti mọ̀ pé mi ò ní mú un ṣẹ, ìdí nìyẹn tí òun fi mú mi dání. Mo wò ó títí. Bóyá àwàdà ni, bóyá kì í ṣe àwàdà, mi ò tíì mọ̀ dòní.

Nígbà tí wọ́n pè wá padà, Tobin ka ìdájọ́ látinú ìwé. Kò jẹ̀bi ẹ̀sùn pé ó ṣí ìwé wò. Ó jẹ̀bi pé ó mú ènìyàn jókòó tì í, wọ́n sì kìlọ̀ fún un. Yóò tún ìdánwò ṣe, ní òun nìkan, yóò sì fi ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ kọ ọ́, torí ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ inú ìwé kalẹ̀ níbí gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ni ín. Kò sẹ́ni tó lé e.

Tobin fi ìwé náà sílẹ̀. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí a ò kọ síbí," ó wí, etí rẹ̀ tún pọ́n. "Ká ní ìwọ nìkan lo wà lọ́jọ́ yẹn bí òfin ṣe sọ, ǹ bá ti dìbò kí wọ́n lé ẹ. Mo rò pé gbogbo wa ni. Má bínú."

Begimai dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ nílé wọn, ó gbé ọwọ́ láyà. Lindahl ní kó wá rí òun ní ọ́fíìsì, kí òun fi bí èèyàn ṣe ń bá ìwé jiyàn hàn án. Begimai bi í bóyá wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láyè. Lindahl ní iṣẹ́ òun gan-an nìyẹn.

Nínú ọkọ̀, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé o rí bí Tobin ṣe jókòó? Mo ní ṣé o rí ojú ẹni tó de táì aláwọ̀ ewé? Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá iná pupa. Mo bi Begimai pé ṣé inú rẹ̀ ò dùn ni.

"Ó dùn, Màmá. Mò ń rò ó ni. Èmi ní yín. Ẹni tó wà níbẹ̀ ní òun nìkan lóòótọ́, tí kò ní ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Mélòó ni wọ́n ti lé?"

Lọ́jọ́ Monday tó tẹ̀ lé e, Begimai lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun fẹ́ di ọ̀kan nínú àwọn méje tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà.